Orí Keje: Ibi Tó Yẹ Kí Ráàkì Ẹ̀rọ Ohùn Dúró Sí

Ohun tí orí yìí yóò kọ́ wa

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:
1. ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀yìn ráàkì fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe;
2. ṣírò ààyè tó yẹ kó wà níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàkì;
3. to ẹ̀rọ sínú ráàkì bí wọ́n ṣe wúwo tó, bí wọ́n ṣe ń gbóná tó, àti bí a ṣe ń fọwọ́ kàn wọ́n lemọ́lemọ́ tó;
4. yan ibi tí ráàkì yóò dúró sí nínú gbọ̀ngàn, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

7.1 Ẹ̀rọ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún etí

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn dá ètò ráédíò tí ń gba inú wáyà sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò gba ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, amplifáyà ibẹ̀ yóò fún ohùn náà lágbára, wáyà yóò sì pín in dé inú àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì nílé àwọn tó ń sanwó oṣù. Irú ètò bẹ́ẹ̀ rọrùn fún olùgbọ́, nítorí kò ní ohun púpọ̀ láti tọ́jú nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù náà wà lórí ibì kan. Bí amplifáyà àárín gbùngbùn bá kú, gbogbo ilé tó so mọ́ ọn yóò pa lọ́lọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí lónìí ní gbogbo ibi tí èrò ti ń péjọ. Ní Igbó-Ọrà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, ìdílé méélòó ni kò ní ìbejì? Ọdún Ìbejì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ń kó àwọn èèyàn jọ láti ìtòsí àti láti òkèèrè. Ìrun Jímọ̀ ń bẹ, ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ń bẹ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ń bẹ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀ náà ń ṣe ayẹyẹ tiwọn. Lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ohùn ẹni tó di máìkì mú gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ díẹ̀ kan kọjá kó tó dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn. Inú ráàkì ni a máa ń kó àwọn ẹ̀rọ náà sí.

Kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́. Fíúsì yóò jó, eruku yóò dí fáànù, ẹnu wáyà yóò tú. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò ni bí a ṣe máa tètè dé ibi tó ti bàjẹ́. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun: ibi tí a bá gbé ráàkì sí lọ́jọ́ tí a ń to gbọ̀ngàn ni yóò sọ bóyá àtúnṣe lọ́dún márùn-ún sí i yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí odidi ọjọ́ kan. Èyí ni kókó orí yìí.

7.2 Ìwọ̀n ráàkì

Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ti rélùwéè ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo férémù onírin yìí láti fi to ẹ̀rọ ìṣípòpadà wọn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti bọ́ sí ilé-iṣẹ́ ráédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà. Ìlànà tí a mọ̀ sí EIA-310 ló sọ ìwọ̀n rẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri ayé:

• Fífẹ̀ iwájú ẹ̀rọ jẹ́ íńṣì 19, èyí tíí ṣe mílímítà 482.6.
• Gíga ni a ń fi U wọ̀n. 1U jẹ́ íńṣì 1.75, tàbí mílímítà 44.45.
• Ihò síkúrù mẹ́ta ló wà fún 1U kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì.

Nípa báyìí, ráàkì 20U ga ní sẹ̀ǹtímítà 88.9 nínú (20 × 4.445). Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà àti èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì yóò wọ inú ráàkì kan náà láìsí wàhálà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ohun kan: gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló jìn bákan náà. Míkísà kékeré tàbí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn máìkì aláìní-wáyà lè jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20 péré, nígbà tí amplifáyà ńlá lè jìn tó 45. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu wáyà tí a kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìyípo wáyà fúnra rẹ̀. Ìyẹn lè gba sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 mìíràn. Ẹni tó bá ra ráàkì tó jìn ní 45 fún amplifáyà tó jìn ní 45 yóò rí i pé ẹnu wáyà ti yọ síta, bí ráàkì bá sì kan ògiri, ògiri yóò tẹ wáyà náà títí yóò fi ṣẹ́. Fún amplifáyà ńlá, ráàkì tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 ló tọ́.

7.3 Ẹ̀yìn ráàkì ni iṣẹ́ wà

Bí a bá dúró níwájú ráàkì, bọ́tìnnì àti iná wẹ́wẹ́ ni a óò rí. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ni iwájú wà fún. Ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ̀yìn ni ibùjókòó tirẹ̀: ẹ̀yìn ni wáyà iná ti ń wọlé, ẹ̀yìn ni ihò XLR fún ohùn máìkì àti ihò speakON fún sípíkà wà, ẹ̀yìn ni fíúsì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wà. Nígbà tí ohùn bá dédé lọ, ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ yóò ṣe ni kó wo ẹ̀yìn bóyá wáyà kan ti yọ. Bí ráàkì bá lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ní rí nǹkan kan. Yóò máa fọwọ́ wá ohun tó yẹ kó fojú rí, bẹ́ẹ̀ iná sì wà níbẹ̀.

Ìlànà ààyè tí a óò máa lò nínú ìwé yìí nìyí:

• Ẹ̀yìn: ó kéré tán, sẹ̀ǹtímítà 75, kí àgbàlagbà lè lóṣòó níbẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. 90 ló dára jù.
• Iwájú: ó kéré tán, sẹ̀ǹtímítà 90, nítorí pé a ó máa fa amplifáyà jáde láti iwájú, èèyàn méjì sì lè nílò láti gbé e.
• Ẹ̀gbẹ́ kan: sẹ̀ǹtímítà 60, kí èèyàn lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn láìfara kó wáyà.

A lè fi òfin iná mànàmáná ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NEC wé e. Ó béèrè ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91, níwájú àpótí iná tí èèyàn lè ní láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ yé wa: ẹni tí iná bá gbé níbi tó há kò ní ọ̀nà láti fà sẹ́yìn.

Ààyè nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ ta gílóòbù kan sí ẹ̀yìn ráàkì, kí ó ní bọ́tìnnì tirẹ̀, kí a sì fi tọ́ọ̀ṣì kan sínú dúrọ́ọ̀ ráàkì nítorí ìgbà tí iná bá lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ẹ̀yìn tún ṣe pàtàkì fún irin ìjó-wáyà àti àwọn irinṣẹ́ mìíràn.

7.4 Ọ̀nà mẹ́ta láti gbé ráàkì kalẹ̀

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ráàkì tó dúró gbọin, tó jìnnà sí ògiri. Èyí ló dára jù níbi tí yàrá ẹ̀rọ bá fẹ̀. A ó fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀ kí ó má baà ṣubú nígbà tí a bá fa ẹ̀rọ tó wúwo jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún un ṣe kàn máa yí lọ sẹ́yìn ni.

Ọ̀nà kejì: ráàkì oní-táyà. Níbi tí yàrá bá kéré, a lè jẹ́ kí ráàkì sún mọ́ ògiri lọ́jọ́ lásán, kí a sì fà á jáde nígbà àtúnṣe. Ohun mẹ́rin ló pọn dandan: táyà náà gbọ́dọ̀ ní búréèkì, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kò gbọdọ̀ sí ìdènà lẹ́nu ọ̀nà, wáyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gùn tó láti tẹ̀lé ráàkì. Bí a ó bá fa ráàkì tó jìn ní 60 jáde ní sẹ̀ǹtímítà 80 kí a sì yí i, wáyà gbọ́dọ̀ ní àlékún bíi mítà 1.5. Àlékún yìí ni a ó ká sí ìsàlẹ̀ ní òrùka ńlá, a kò ní dì í ní ìdì líle. Ẹni tó bá fi táyà sí ráàkì ṣùgbọ́n tó fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ ògiri kò tíì ṣe nǹkan kan: ọjọ́ tó bá fà á ni wáyà yóò já.

Ọ̀nà kẹta: àpótí tí a kàn mọ́ ògiri, tí ara rẹ̀ ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Ó dára fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò tàbí kíláàsì tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju 6U sí 9U lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó lágbára nìkan ni a lè kàn án mọ́. Ògiri amọ̀ tàbí páńẹ́ẹ̀lì pákó kò lè gbà á. Kí ibi tí yóò gbà ṣí má sì dí ọ̀nà àbájáde.

7.5 Ètò inú ráàkì

Ohun tó wúwo jù lọ máa ń wà nísàlẹ̀. Amplifáyà àtijọ́ tó ní tiransifọ́mà ńlá lè wúwo ju kílógíráàmù 20 lọ. Bí a bá gbé irú rẹ̀ sókè, ráàkì lè dojú dé nígbà tí a bá ń fà á jáde. Síkúrù mẹ́rin iwájú nìkan kò sì lè gbé e dúró pẹ́. A gbọ́dọ̀ fi irin gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró.

Àárín ni àyè ẹ̀rọ tí ń pín ohùn àti èyí tí ń dáàbò bo sípíkà. A tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, a kì í sábà fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Òkè ni àyè ohun tí a ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́: ẹ̀rọ tí ń gba ohùn máìkì aláìní-wáyà, bọ́tìnnì tí ń tan gbogbo ráàkì, àti dúrọ́ọ̀. Èéríàlì máìkì aláìní-wáyà tún fẹ́ ibi gíga tí irin kò dí i. Ibi tó rọrùn fún ojú àti ọwọ́ ni láàárín sẹ̀ǹtímítà 90 sí 150 láti ilẹ̀.

Láàárín amplifáyà kan sí òmíràn, kí a fi àlàfo 1U sílẹ̀ bí ìwé ẹ̀rọ náà bá béèrè fún un. Kí a fi páńẹ́ẹ̀lì òfìfo bo àlàfo tí a kò lò, kí atẹ́gùn lè gba ibi tó yẹ kó gbà. Kí a sì tún fi bíi 4U sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, nítorí ìjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun.

7.6 Ooru, eruku, omi àti ẹranko

Gbogbo iná tí amplifáyà bá fà, tí kò di ohùn nínú sípíkà, ooru ló ń dà. Amplifáyà oríṣi AB máa ń fi apá tó pọ̀ ṣòfò sí ooru. Oríṣi D tuntun máa ń ṣòfò díẹ̀. Ká sọ pé amplifáyà mẹ́ta jọ ń fa wọ́ọ̀tì 600, tí 200 nínú rẹ̀ ń dé sípíkà. Wọ́ọ̀tì 400 tó kù ń gbóná nínú ráàkì, láàárín ọ̀sán, lábẹ́ òrùlé páànù. Kapásítọ̀ inú ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé bí ooru bá lọ sókè ní ìwọ̀n 10 °C, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ náà yóò dín sí ìdajì. Nítorí náà, ráàkì kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé, a kò sì gbọdọ̀ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò.

Ìbàràpá wà ní etí ọ̀dàn. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ wá, yóò sì wọ gbogbo ibi tí fáànù bá ti ń fa afẹ́fẹ́. Eruku tó bá di odindi lórí irin tí ń tú ooru dà nù yóò sọ ọ́ di aṣọ òtútù. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a fi fílítà fóòmù síwájú fáànù, kí a máa yọ ọ́ fọ̀ lóṣooṣù nígbà ọyẹ́. Bí fílítà bá wà níbi tí ọwọ́ kò ti lè dé e, kò sí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Ìdí mìíràn nìyí tí ààyè fi jẹ́ apá kan ìtọ́jú.

Nígbà òjò, kí a wo òkè kí a tó gbé ráàkì kalẹ̀: ṣé ihò wà lára páànù? Ṣé abẹ́ páìpù omi tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ni? Kí a gbé ẹsẹ̀ ráàkì sórí ìpìlẹ̀ kọnkéré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Èkúté máa ń jẹ rọ́bà wáyà, ọmọ́nílé sì máa ń wọ inú ẹ̀rọ tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Kí a fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ihò tí wáyà ń gbà wọlé. Ikán kò jẹ́ kí tábìlì pákó pẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ.

7.7 Wáyà tí kò ní dí ọ̀nà

Wáyà iná àti wáyà máìkì kò gbọdọ̀ jọ rìn. Kí ti iná gba ẹ̀gbẹ́ kan ráàkì, kí ti ohùn gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Níta ráàkì, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá ní láti pàdé, kí ọ̀kan gba orí èkejì kọjá ní àgbélébùú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn kíkùn iná 50 Hz yóò wọ inú sípíkà.

Kí a lẹ nọ́ńbà kan náà mọ́ orí àti ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún sínú ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn ráàkì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní láti wá ẹni tó kọ́kọ́ so ó kí ó tó lè ṣiṣẹ́.

Jíjìnnà ráàkì sí sípíkà náà ní iye tí a ń san. Wáyà kọ́pà 2.5 mm², irú èyí tí a ń fi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ní ìdènà bíi 0.0069 ohm fún mítà kan. Bí sípíkà bá jìnnà ní mítà 30, lílọ àti bíbọ̀ yóò jẹ́ mítà 60, ìdènà rẹ̀ yóò sì jẹ́ bíi 0.41 ohm. Bí ẹrù sípíkà bá jẹ́ 4 ohm, nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ni yóò ṣòfò sínú wáyà. Ní mítà 10, kò ní ju bíi 3 lọ. Ìdí nìyí tí yàrá ẹ̀gbẹ́ pèpéle fi sàn ju yàrá tó wà lẹ́nu géètì lọ.

7.8 Iná àti ààbò ara

Iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà lè máa gbara wọn ní gbọ̀ngàn kan náà láàárín wákàtí kan. Kí bọ́tìnnì tí ń gé iná kúrò lára gbogbo ráàkì wà níbi tí a lè tẹ̀ ẹ́ láìgba ẹ̀yìn kọjá. Kí sítàbíláísà àti ohun tí ń gba ààrá dúró wà láàárín iná tí ń wọlé àti ráàkì, kí irin ráàkì fúnra rẹ̀ sì so mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò.

Pípa iná kò tíì parí ọ̀rọ̀. Nínú amplifáyà tuntun tí kò ní tiransifọ́mà ńlá, kapásítọ̀ lè di iná DC tó tó fọ́ọ̀tì 325 mú (230 × 1.414), ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a dúró fún àkókò tí ìwé ẹ̀rọ náà bá sọ, kí a fi mítà wọ̀n ọ́n, kí a tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

7.9 Àpẹẹrẹ

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Igbó-Ọrà ní yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Yàrá náà gùn ní mítà 3.0, ó fẹ̀ ní mítà 2.4. Wọ́n fẹ́ lo amplifáyà mẹ́ta tó jẹ́ 2U ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ pínhùn 1U, ẹ̀rọ máìkì aláìní-wáyà méjì tó jẹ́ 1U ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì iná 1U, páńẹ́ẹ̀lì ìsowáyà 1U, àti dúrọ́ọ̀ 2U. Ráàkì wo ni kí wọ́n rà, níbo ni kí ó sì dúró?

Ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ 1: U tí ẹ̀rọ gbà = 6 + 1 + 2 + 1 + 1 + 2 = 13U. Àlàfo 1U fún amplifáyà kọ̀ọ̀kan = 3U. Àpapọ̀ = 16U. Bí a bá fi 4U kún un fún ọjọ́ iwájú, ráàkì 20U ló tọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ráàkì náà jìn ní mítà 0.60, ó sì fẹ̀ ní 0.60. Bí a bá gbé e dojú kọ ògiri gígùn, tí ẹ̀yìn gba 0.75, ohun tó kù fún iwájú jẹ́ 2.40 − 0.75 − 0.60 = 1.05. Èyí ju 0.90 tí a béèrè lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Nínú gígùn mítà 3.0, ráàkì gba 0.60, ó ku 2.40. Bí a bá fi 0.60 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ̀nà, 1.80 ṣì kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì fún àga àti àpótí irinṣẹ́. Nítorí náà, ráàkì tó dúró gbọin ṣe é ṣe níhìn-ín. A kò nílò táyà.

Ìgbésẹ̀ 4: Gíga rẹ̀ pẹ̀lú ìpìlẹ̀ kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 10 yóò jẹ́ bíi mítà kan. Ẹ̀rọ máìkì àti bọ́tìnnì iná yóò bọ́ sí òkè pátápátá, ní ìwọ̀n bíi 90 láti ilẹ̀, níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà ti ń dé ní ìrọ̀rùn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ti ráàkì mọ́ ògiri, iwájú ì bá ní mítà 1.80, yàrá ì bá sì jọ èyí tó fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ààyè náà ì bá wà níbi tí kò ti wúlò.

Àkótán

Ẹ̀yìn ráàkì ni a fi ń ṣètò, kì í ṣe iwájú. Sẹ̀ǹtímítà 75 ló kéré jù fún ẹ̀yìn, 90 fún iwájú, 60 fún ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀, ohun tí a ń fọwọ́ kàn wà lókè. Ráàkì oní-táyà gbọ́dọ̀ ní wáyà tó gùn. Ooru, eruku ọyẹ́, omi àti èkúté ni ọ̀tá ẹ̀rọ. Ibi tí ọwọ́ bá lè dé nìkan ni a lè tọ́jú.

Ìdánrawò

1. Kí nìdí tí ráàkì tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45 kò fi yẹ fún amplifáyà tó jìn ní 45?
2. Ṣírò gíga inú ráàkì 12U ní sẹ̀ǹtímítà.
3. Yàrá kan fẹ̀ ní mítà 2.0. Ráàkì rẹ̀ jìn ní 0.60. Ṣé a lè fi ráàkì tó dúró gbọin síbẹ̀? Bí kò bá ṣe é ṣe, ọ̀nà wo ni ìwọ yóò yàn, kí sì ni ìwọ yóò ṣe sí wáyà?
4. Sípíkà kan tó jẹ́ 8 ohm jìnnà sí ráàkì ní mítà 20. Wáyà kọ́pà 2.5 mm² ni wọ́n lò. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún agbára ló ń ṣòfò sínú wáyà?
5. Kọ ìgbésẹ̀ tí onímọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé lẹ́yìn tó bá ti yọ púlọ́ọ̀gì amplifáyà kí ó tó ṣí i.
6. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò yín. Ẹ wọn ààyè iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ráàkì wọn, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ ya àwòrán ibi tó wà báyìí àti ibi tí ẹ rò pé ó yẹ kó wà, kí ẹ sì kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí àwọn alábòójútó náà láti ṣàlàyé àǹfààní àtúntò yín.